Aṣọ Yín Á Máa Há

Hàwáwù, gbé àga rẹ sún mọ́ mi. Jẹ̀lílì, pa fóònù yẹn. Mo ní kí o pa á, mi ò ní kí o dojú ẹ̀ bolẹ̀. Ojú mi ti darúgbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rí ẹni tó ń fi mí ṣeré. Bàbá yín lọ síbi òkú ìyá ọ̀gá rẹ̀, ó ní òun á dé kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì. Kó tó dé, mo fẹ́ tú ìbàdí gbogbo ṣòkòtò tó ń wọ̀ lọ sí báńkì. Ẹ má pariwo, ẹ má sì pe ìyá yín ní ṣọ́ọ̀bù. Bí mo ṣe ń tú u ni n ó máa sọ ohun tó fà á fún yín. Tí mo bá parí, ẹ ó mọ̀ pé orí bàbá àgbà yín kò tíì dàrú.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Dansoman ní Accra níbí, ẹ rò pé ọkọ̀ trótró ni Ọlọ́run fi ṣe ẹsẹ̀ fún ọmọ èèyàn. Nígbà tí ìjọba ológun kógbá sílé tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlà ìdìbò, Lagos Town là ń gbé, ibi tí ẹ̀yin ń pè ní Newtown. Bàbá yín ò ju Jẹ̀lílì yìí lọ. Tí a bá ti kírun àárọ̀ tán, ẹsẹ̀ la fi ń lọ sí ọjà Kantamanto, gbogbo wa pọ̀, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìnísà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi á gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lé èjìká, nítorí ẹni tó bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ sọ́jà mọ́jú, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ nìkan ló máa bá láàárọ̀. A ó gba Circle, a ó gba Odawna, àwọn tó ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà á máa pè wá, "Alátá! Ẹ káàárọ̀ o!" Alátá ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá, gbogbo èdè wa tí wọ́n gbọ́ kò ju ẹ káàárọ̀ yẹn lọ, wọn ò sì jẹ́ kó sinmi. Ìró bàtà wa lórí ọ̀dà, tí mo bá dijú, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú wa. Ẹni tó bá ń mí bẹ́ẹ̀, a ó ní ikọ́ ló ń ṣe é, a ó ní kó lọ wá oyin.

Tí a bá dé ọjà, ìró tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni ti irin. Aṣọ òkú òyìnbó, òbúrónì wáwù bí àwọn Àṣàǹtí ṣe ń pè é, ìdì ràbàtà ràbàtà ló máa ń dé, bélì là ń pè é. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń dì í mọ́ra. Tí wọ́n bá gé irin náà, á dún pàù! Aṣọ á sì wú jáde bíi fùláwà tó ti gba yíìsì. Àwọn oníbàárà á rọ́ wọlé, wọ́n á máa fà, wọ́n á máa já a gbà, àwọn kayáyò tó ń fi orí ru ẹrù á máa ké "Àgò! Àgò!" Ìlà àwọn télọ̀ wà lẹ́yìn àwọn tó ń ta ṣòkòtò. Òyìnbó ga, òyìnbó gùn lápá, aṣọ wọn kì í bá ara wa mu, àwa la sì ń sọ ọ́ di aṣọ èèyàn. Ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ ni gbogbo wa ń lò. Tí ìlà náà bá ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn.

Ẹni tó ń tajà níwájú ẹ̀rọ mi ni Ráìmì, ọmọ Ìnísà. Ó jù mí lọ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, òun sì ń pè mí ní Ọmọ Ọ̀fà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà náà débi pé tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣòkòtò tó so kọ́, ẹ ó wá a tì. Fúnra rẹ̀ ló ń bá àwọn kayáyò gbé bélì. Kẹ́ńkẹ́ kan, ata lílọ̀ àti ẹja díndín, òun ló ń jẹ lọ́sàn-án, á sì máa fi ìdajì lọ̀ mí. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́, nítorí mi ò sọ ọ́ fún un nígbà tó wà láàyè.

Ẹ wá gbọ́ àṣà kan. Ẹ ò ní bá a níbòmíràn, ìlà wa nìkan ló ti wà. Tí ọjà bá ń tà fún èèyàn, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò, ṣòkòtò èṣí á há a. Tó bá gbé e wá pé ká bá òun tú u, kì í ṣe iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ o! Á ra bófúrọ́ọ̀tì gbígbóná, èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́fùpọ́fù nílé, á pín in yíká ìlà. Èmi á na téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká lójú gbogbo ayé, n ó pariwo nọ́ńbà tuntun náà. Gbogbo télọ̀ á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, a ó sì pa ohùn pọ̀.

"Aṣọ yín á máa há!"

"Àmín!"

"Á há, á há, á ya!"

"Àmín láṣẹ Ọlọ́run!"

Bí a ṣe ń ṣàdúà fún ara wa nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó gba àdúà náà tó Ráìmì. Ó ra mọ́tò, ó lọ sí Mẹ́kà, ó di Alhaji, ọdọọdún ni ṣòkòtò rẹ̀ ń wá sábẹ́ ẹ̀rọ mi fún títú. Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdún kan, a wà ní Yídì, èrò pọ̀ bí eṣú. Ìmáámù kábárà, gbogbo wa forí kanlẹ̀, ló bá di fààà! Iwájú mi gan-an ni. Ṣòkòtò Alhaji Ráìmì ti ya láti ìbàdí dé ibi tí mi ò ní dárúkọ níwájú Hàwáwù. Ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í rẹ́rìn-ín lórí ìrun. Gbogbo ìlà wa pátá ló ba ìrun jẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe sálámà, ẹnì kan lọgun lẹ́yìn, "Aṣọ yín á máa há!" Ráìmì dìde, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ìkírun bo ẹ̀yìn, ó ń jó lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó ń ké pé, "Àdúà ti gbà! Ẹ bá mi yọ̀, àdúà ti gbà!"

À ń rẹ́rìn-ín ni.

Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ti ń yí padà, a ò sì fura. A ò rìn mọ́. Kí ni olówó ń fi ẹsẹ̀ rìn sí? Mọ́tò á gbé e láti ẹnu ilé dé ẹnu ọjà, á wá jókòó sórí bélì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Jíjókòó gan-an ni ipò. Kẹ́ńkẹ́ ti di oúnjẹ àwọn kayáyò, ìrẹsì funfun ló kù, òróró á máa ṣàn létí abọ́, mínírà tútù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tíì oníwàrà á tún tẹ̀lé e. Mi ò bá wọn wí, èmi náà jẹ níbẹ̀. Ta ni ò fẹ́ sinmi lẹ́yìn ìyà?

Àìsàn tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, aláriwo ni. Tí ibà bá mú ọ, gbogbo ilé á mọ̀. Wàá gbọ̀n, wàá láàgùn, wàá mu àgbo, ó lọ tàbí o kú, ọ̀rọ̀ ti parí. Èyí tó dé lẹ́yìn kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa wà ní Odawna, ó ń bá oníbàárà ná ọjà, ni ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sápá kan, ọ̀rọ̀ sì di òwú lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n ní àwọn ará ilé ló ta á lọ́fà. Wọ́n gbé e sí mọ́tò, ó di Lomé, ó di Kútọnú, kí wọ́n lè bá a wá ẹni tó ṣe é nílé. Ojú ọ̀nà ló dákẹ́ sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á, a ò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ilé ni a ń wá ọ̀tá lọ, kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Hàwáwù, bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́ yẹn. Rárá, mi ò fẹ́ rán nǹkan kan. Ọwọ́ mi kàn fẹ́ rí i nítòsí ni.

Ó ku ìdajì àṣà náà tí mi ò tíì sọ. Títú, ariwo la fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ara èèyàn bá fà, tó fẹ́ ká bá òun dín ṣòkòtò kù, ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn. Á dì í sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, á rọra tì í sábẹ́ ẹ̀rọ bíi pé ó fẹ́ so okùn bàtà. Télọ̀ ò ní na téèpù. Télọ̀ ò ní wo ojú rẹ̀. Á fi ojú díwọ̀n, á dín in, á fi orí ìrán náà pamọ́ sábẹ́ ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, kó má baà hàn. Kò sì gbọdọ̀ béèrè pé kí ló dé. Tí o bá bi ẹni tó rù pé kí ló dé, o ti ṣépè fún un nìyẹn. Ọ̀tá á gbọ́, wọ́n á ní ọjà rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀. Ojú á rí, ẹnu á dákẹ́, òfin ìlà wa nìyẹn. Gbogbo wa kà á sí ìwà ọmọlúàbí.

Àfìgbà tí láílọ́ọ̀nù dúdú ti Ráìmì dé sábẹ́ ẹ̀rọ mi. Mo dín in. Kò pẹ́, ó tún gbé òmíràn wá. Mo tún dín in. Lọ́jọ́ tó gbé ti ẹ̀ẹ̀kẹta wá, mo wò ó bó ṣe jókòó sórí bélì, píọ̀ wọ́tà lọ́wọ́, ó fi eyín ya á, ó mu ún tán, ó nawọ́ sí òmíràn. Ọrùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín nínú kọ́là. Lẹ́yìn ìsọ̀ níbi tó ti máa ń tọ̀, èèrà ti bo ilẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara dá ṣáṣá ṣá?"

Ó yíjú sí mi. Gbogbo télọ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ọmọ Ọ̀fà, kí lo bi mí?"

"Mo ní ṣé kò rẹ̀ yín? Omi yìí pọ̀. Ẹ jẹ́ ká dé ọsibítù."

"Èmi lo ń ṣépè fún lójú ọjà? Èmi tí mò ń fún ọ ní kẹ́ńkẹ́ jẹ?"

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bélì, ó wọ́ láílọ́ọ̀nù rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ mi, ó gbé e fún télọ̀ tó wà nídojúkọ mi. Ìyẹn ò na téèpù. Ó gba iṣẹ́, ó dín in. Ráìmì ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ iwájú mi ló ń jókòó sí lójoojúmọ́. Ó dùn mí wọra. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a wà ní mọ́ṣáláṣí ọjà, à ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsárì. Ó jókòó sórí òkúta kọjú sí mi, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ó na ẹsẹ̀ òsì, ó da omi sí i láti inú búútà. Nǹkan kan kọ mànà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé omi ni. Mo tẹ̀ síwájú, mo rí òwú búlúù tó so rọ̀ níbẹ̀, omi ń kán ní ẹnu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni. Abẹ́rẹ́ ìlà wa ni, ó ti wọlé ṣinrin, ojú ihò rẹ̀ nìkan ló kù níta, òwú sì wà nínú rẹ̀. Òwú búlúù yẹn, mo mọ iṣẹ́ tí a fi ṣe, iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ wa ṣáájú Jímọ̀ọ̀ tó kọjá. Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ìgbà náà.

"Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ wà lẹ́sẹ̀ yín!"

"Abẹ́rẹ́ wo?"

Ó gbé ẹsẹ̀ náà sórí itan, ó wò ó. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ó rẹ́rìn-ín.

"Wò ó, kò dùn mí! Ọmọ Ọ̀fà, wò ó, ẹsẹ̀ mi le bí irin."

Mo fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ó jáde ní dúdú. Kò ṣẹ́jú. Òórùn tó tẹ̀lé e jáde, mo mọ̀ ọ́n, òórùn ẹran tí wọ́n gbàgbé ni. Ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ò dùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sá fún un. Ọsibítù gé e ní ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n tún gé e lórúnkún. Ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n pè é, wọ́n ní ó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, bóyá láti ìgbà tí à ń jẹ bófúrọ́ọ̀tì tí a sì ń ṣàmín. Nígbà tí mo lọ kí i, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ Ọ̀fà, èmi ni mi ò jẹ́ kí o sọ ọ́." Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí a fi ilẹ̀ bò ó, ìlà wa ló rán láílì rẹ̀, aṣọ funfun tí a fi sin ín. Lẹ́yìn rẹ̀, mélòó ni mo fẹ́ kà? Ojú kan bàjẹ́ níhìn-ín, kíndìnrín bàjẹ́ lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá dé ìlà náà lónìí, kò sẹ́ni tí mo mọ̀ níbẹ̀ mọ́ àfi Sàká tí mo kọ́ níṣẹ́, òun ló jogún ẹ̀rọ mi.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ̀ sórí bàbá yín. Mùráínà, ọmọ mi, igi lẹ́yìn ọgbà mi. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe sanra tó tẹ́lẹ̀. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn yìí, ilé á mọ̀. Ṣáájú ààwẹ̀ tó kọjá, ó kó ṣòkòtò wá bá mi ní yàrá, inú rẹ̀ ń dùn. "Bàbá, ẹ bá mi dín wọn. Mo ti ń fọn." Mo wo ohun tó fi kó wọn wọlé, láílọ́ọ̀nù dúdú. Mo jókòó.

Mo ní, "Múrí, lọ jẹ́ kí wọ́n gún ọ níka, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, jímù ni o. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń yìn mí."

"Jímù tí o lọ lẹ́ẹ̀kan, tí o wá sùn di ọjọ́ kejì?"

"Ẹ̀ẹ̀, Bàbá! Ẹ má fi ẹnu yín pe àìsàn sí mi lára. Ẹ̀yin àgbà, ohun gbogbo ni ẹ ń bẹ̀rù."

Mo ní mi ò dín in. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó jáde, kò bínú, ó ń súfèé. Mo rò pé kò ní rí ṣòkòtò wọ̀, pé yóò rò ó. Ìyẹn la wà tí Iléyá fi dé. Ó wọlé wá kí mi, ó dọ̀bálẹ̀, ṣòkòtò bá ìbàdí rẹ̀ mu rẹ́gí! Ìgbà tó ń dìde, mo nawọ́, mo gbé bẹ́líìtì rẹ̀ sókè. Mo rí ìrán náà, orí rẹ̀ wà nípamọ́, ó mọ́ tónítóní. Ọwọ́ Sàká ni.

Mo pe Sàká lórí fóònù. Mo bú u tìyátìyá. Ó ní kí n dákun má bínú. Ó ní, "Bàbá, ṣé àwa ń béèrè ni?"

Mo pa fóònù.

Jẹ̀lílì, ìwọ lo sọ lánàá pé èèrà pọ̀ ní balùwẹ̀ bàbá yín, ìyá yín sì ní kí wọ́n lọ ra oògùn èèrà. Hàwáwù, ìwọ náà ní, "Bàbá àgbà, chálè, ọ̀rẹ́ mi, Dádì kì í jẹ́ kí omi sinmi nínú fíríìjì." Ẹ̀rín lẹ fi sọ ọ́. Mi ò sùn títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti fi ẹnu sọ ọ́ fún Ráìmì, ó bá ẹlòmíràn lọ. Mo fi ẹnu sọ ọ́ fún bàbá yín, ó bá ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá rù ní ìlú Accra yìí, kò ní ṣàì rí télọ̀ tó máa bá a bò ó. Ìdí nìyí tí mo fi ń tú u. Iṣẹ́ Sàká dára, ó le tú bí nǹkan míràn! Ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ wo aṣọ tó ti ká pamọ́ síbẹ̀. Hàwáwù, fi ọwọ́ rẹ díwọ̀n rẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ yìí àti ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó ṣe tó yìí ni bàbá yín tí ẹ ò rí mọ́, ó sì ń lọ sí i.

Ṣé hóònù rẹ̀ nìyẹn? Jẹ̀lílì, lọ ṣí géètì. Hàwáwù, jókòó síbi tí o wà.

Ẹ gbọ́ ọ? Kò tíì kí èèyàn kankan. "Hàwáwù, omi!" lohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Lọ fún un, ọmọ mi. Kó mu ún.

Múrí, káàbọ̀, kú àbọ̀ ìsìnkú. Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ lo rí lọ́wọ́ mi, ṣòkòtò rẹ ló sì wà nílẹ̀ yẹn, mo ti tú gbogbo rẹ̀. Má pariwo lé mi lórí. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, tó bá jẹ́ ìjà lo fẹ́, a ó jà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wọ èyí kí n rí i. Má bọ́ra níwájú àwọn ọmọ, wọ̀ ọ́ lé orí èyí tó wà nídìí rẹ. Ó gbà ọ́? Ó gbà ọ́, ó tún kù. Dè é ní bọ́tìnnì. Fa síìpù rẹ̀ sókè. Ó dára.

Jẹ̀lílì, wo bàbá rẹ, má wo ilẹ̀. Hàwáwù, má tíì sunkún.

Múrí, kí lo fi ọwọ́ di ìbàdí ṣòkòtò náà mú sí? Yọ ọwọ́. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, yọ ọwọ́ rẹ.